Ọwọ́ Kan Kì í Gbé Igbá Dórí: Ohun Tí Mo Rí Lọ́wọ́ Akọ́nimọ̀ọ́gbá Softball Kan ní Adó

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè bàbá kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ wọn ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ softball àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wa ní Adó-Èkìtì, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀. Nínú softball, ẹnìkan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkan láti ẹgbẹ́ kejì ń fi igi gbá a, á sì sáré yípo béèsì mẹ́rin tó wà nílẹ̀ kó tó gba àmì kan. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí wa lọ́jọ́ tí kóòṣì yọ ọ́ kúrò nídìí jíju bọ́ọ̀lù. Bàbá náà tọ̀ mí wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n ní: "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ jókòó ti kóòṣì. Ẹ bá mi sọ ọ́ kó yé mi. Irú kóòṣì wo ló máa ní ẹni tó lè bá a ṣẹ́gun lọ́wọ́, tó máa wá yọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù, pé a ó jọ sọ ọ́. Inú ń bí wọn, ìdáhùn tó wà nínú mi sì gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ lórí ìdúró. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi dé kíláàsì, ó bá mi dé orí ibùsùn. Kì í ṣe bàbá yìí nìkan ló ń bi í. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń bi í, àwọn òbí mìíràn ń bi í. Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ohun tí gbogbo wọn ń fẹ́ mọ̀ ni iṣẹ́ tí a gbé lé ẹni tí a fi ọmọ fún lọ́wọ́ gan-an.

## Abala kẹfà

Èmi ni mo máa ń kọ àmì sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Kóòṣì wa tún bẹ̀ mí pé kí n máa fa ìlà kan sínú ìwé fún gbogbo bọ́ọ̀lù tí ọmọ wa bá jù, ì báà dára, ì báà máà dára. Bí abala kan bá ti parí, á wá wo àwọn ìlà náà, kò ní sọ nǹkan kan, á padà sí àyè rẹ̀.

Abala méje ni eré náà, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú abala kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fi máa dé ìkẹfà, àwa là ń fi àmì kan síwájú. Èrò ti kún ẹ̀gbẹ́ pápá, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n ń pè. Mo rí i pé kóòṣì kò wo bọ́ọ̀lù mọ́, èjìká ọmọ náà ló tẹjú mọ́. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá jù ú tán." Ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù, ó fi gílọ́ọ̀fù tó wà lọ́wọ́ òsì tẹ apá ọ̀tún lókè ìgbọ̀nwọ́, ó sì yára mú un kúrò kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Kóòṣì ní láti abala karùn-ún ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ń fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tì í síwájú mọ́, apá nìkan ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí itan àti ìbàdí ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹfirí, ó sì rìn lọ bá a. Kò sáré, kò pariwo. Ó lóṣòó níwájú ọmọ náà kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi nígbà tó yá. Kóòṣì kò bi í bóyá ó ń dùn ún. Ohun tó bi í ni pé, "Ibo ló ń dùn ọ́ jù?" Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa yóò mọ ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì. Bí àgbà bá bi ọmọ tí a kọ́ dáadáa pé ṣé nǹkan kan ń ṣe é, "Rárá, sà" ló máa wí, pàápàá tí èrò bá ń wò ó. Ìbéèrè kóòṣì kò fún un láyè láti tìtorí ọ̀wọ̀ fi ìrora pamọ́. Ó fọwọ́ kan iwájú èjìká rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Kóòṣì kò ní kó lọ jókòó. Ó ní kó lọ dúró ní béèsì àkọ́kọ́, níbi tí iṣẹ́ pọ̀ fún ọwọ́ tó ń gba bọ́ọ̀lù ju ọwọ́ tó ń jù ú lọ. Ó wá nawọ́ pe ọmọ kan tó dúró lọ́nà jíjìn lápá ọ̀tún, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà dé nínú eré àwọn ọmọdé, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kó ọmọ tí wọn kò kà sí lọ. Ó ní kó máa bọ̀ wá jù ú.

Ariwo sọ. Ìyá kan ká ọwọ́ lérí. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé wọ́n ti tà wá.

## Ojú tí àwọn ọmọ ń wò

Bọ́ọ̀lù mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọmọ kejì yìí jù, kò sí èyí tó gba ibi tó yẹ kọjá, ẹni tó fẹ́ gbá a sì rìn lọ sí béèsì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbá èyí tó tẹ̀ lé e lọ jìnnà réré. Ẹni tó wà ní béèsì wọlé, ẹni tó gbá a náà sáré yípo wọlé. Báyìí ni wọ́n gba iwájú lọ́wọ́ wa.

Ibí yìí gan-an lọkàn mi dúró sí títí di òní. Kóòṣì ni mò ń wò, nítorí mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ọmọ tó wà nínú pápá ló yíjú sí i kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ọmọ mẹ́sàn-án, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà. Wọ́n fẹ́ mọ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe burú tó. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iwájú tí àwọn ọmọ yìí wò, kóòṣì ló wà níbẹ̀. Kò pòṣé. Kò mi orí. Kò yíjú sí èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti jẹ́ kí n mọ̀ pé inú òun kò dùn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síta ní ọ̀gangan orúnkún, ó jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ó fi ń júwe ibi tí bọ́ọ̀lù tó kàn yóò gbà fún ọmọ náà.

Ọmọ tó ti lọ sí béèsì àkọ́kọ́ mú bọ́ọ̀lù, ó rìn tọ ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ó fi í sínú gílọ́ọ̀fù rẹ̀, ó sì sọ nǹkan kan tó mú kí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni mẹ́ta wá gbá a tẹ̀ léra wọn, kò sí èyí tó rí béèsì dé nínú wọn. Ní abala keje, ọmọ kejì yìí kò jẹ́ kí wọ́n gba àmì kankan. Àwa náà ò rí àmì gbà, eré sì parí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan mẹ́nu kan abala keje yẹn.

Kí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé tó kọ́ wọn bí a ṣe ń di igi mú, ó yẹ kó ti mọ irú eré tí softball jẹ́. Eré tí ènìyàn ń kùnà nínú rẹ̀ lójú gbogbo ayé ni. Ẹni tó bá gbá mẹ́ta dáadáa nínú mẹ́wàá, àwọn tó mọ eré náà a máa kan sáárá sí i. Ẹ̀ẹ̀meje ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń padà lọ jókòó lásán. Bí ẹnu kóòṣì bá ń gbóná ní gbogbo ẹ̀ẹ̀meje náà, kí ni ọmọ yóò fi gbá ẹ̀ẹ̀mẹta tó kù? Mo ti wo àwọn kóòṣì tó ń bú ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Àwọn ọmọ wọn kì í kígbe pe bọ́ọ̀lù pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n máa ń gbàdúrà kó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

## Ọmọ kejì kò ṣàdédé dé

Àwọn tó ń bínú rò pé kóòṣì kàn nawọ́ mú ẹni tó rí ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ ni gbogbo ọmọ inú ẹgbẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń jù ú, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rò pé wọ́n máa jù ú láé. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n súnmọ́ra, kí wọ́n máa fi ọrùn ọwọ́ nìkan ju bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Ó pẹ́ kó tó gbà wọ́n láyè kí apá yí dé ìlàjì, ó sì tún pẹ́ kó tó di odidi yíyípo tí wọ́n ń rí lórí fóònù tí wọ́n ń fẹ́ ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn ju apá wọn lọ. Ó máa ń sọ pé ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tó yára ti ń wá.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi í sílẹ̀. Ọmọ apá ọ̀tún yìí kò fi í sílẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya igun mẹ́rin sára ògiri fún un, ibẹ̀ ló ń ju bọ́ọ̀lù sí nírọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ. Kóòṣì kì í dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Àbúrò ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tàbí olùkọ́ obìnrin kan, ògiri náà sì kọjú sí ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Mi ò fojú kékeré wo èyí rárá. Ọkùnrin tó bá ní òun fẹ́ dá ọmọbìnrin wa kọ́ ní kọ̀rọ̀, bó ti wù kó mọ eré tó, kí a má ṣe fi ọmọ fún un.

Ó mọ ìwọ̀n pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí eré yìí ti ṣẹ̀ wá, ẹsẹ̀ bàtà 43 ni obìnrin tó ti dàgbà fi ń jìnnà sí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó bá ń jù ú. Ti àwọn ọmọ ọdún 12 jẹ́ 40, ti àwọn ọmọ ọdún 10 jẹ́ 35, bọ́ọ̀lù ti àwọn ọmọ ọdún 10 yìí sì kéré sí ti àgbà. Ọ̀pọ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀n àgbà ya ilẹ̀ fún ọmọ kékeré, tí wọ́n á sì máa sọ pé ọmọ náà ò lágbára. Ti kóòṣì wa, okùn ló fi ń wọn ilẹ̀, ó so kókó sí ibi ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnìkan bá ní irin iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí a rí kóòṣì gidi ní Èkìtì, n kò gbà fún un. Lọ́dún 1887 tí George Hancock àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré yìí nínú gbọ̀ngàn kan ní Chicago, gílọ́ọ̀fù ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni wọ́n dì ní okùn tí wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀lù, igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi gbá a. Kóòṣì wa gbẹ́ igi, ó rán gílọ́ọ̀fù tó ya. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbà kí a fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀ ni akoto. Ọmọ tí kò bá dé akoto sórí, bọ́ọ̀lù rọ́bà tó fúyẹ́ ló máa ń jẹ́ kó gbá, ì báà jẹ́ ọmọ ẹni tó lówó jù lọ nínú ilé ẹ̀kọ́.

## Apá tó ń dùn

Nígbà tí mo wá jókòó pẹ̀lú bàbá ọmọ náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ: pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù softball, kì í ṣe láti òkè orí bíi ti baseball, eré tó jọ ọ́, nítorí náà kò lè ṣe apá ní nǹkan kan. Ìgbàgbọ́ yìí ti ba apá ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Àwọn onímọ̀ tó wọn agbára tó ń fa èjìká nígbà tí apá bá ń yípo bẹ́ẹ̀ rí i pé ó súnmọ́ ti àwọn tó ń jù ú láti òkè gan-an. Iwájú èjìká, níbi tí iṣan apá ti so mọ́ eegun, ni ó sì sábà máa ń mú wọn. Ibi tí ọmọ náà fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Láti ọdún 2007 ni Little League, àjọ tó ń darí eré àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ti fi òǹkà sí iye bọ́ọ̀lù tí ọmọdé lè jù lóòjọ́ nínú baseball, tí ó bá sì ti dé iye yẹn, ó di dandan kí wọ́n mú un kúrò. Kò sí ẹni tó fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ fún wa ní Adó. Ìlà tí mò ń fà sínú ìwé, kóòṣì ló fi í ṣe òfin fún ara rẹ̀. Igi gañgañran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bàbá náà gbọ́, àmọ́ wọ́n ní àwọn àgbà eléré ń fara da á. Òtítọ́ ni. Mo sọ ìtàn Yukiko Ueno, ọmọ Jàpáánì, fún wọn. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Beijing lọ́dún 2008, ó ju bọ́ọ̀lù 413 láàárín ọjọ́ méjì: abala 9 pẹ̀lú Amẹ́ríkà, abala 12 pẹ̀lú Australia lọ́jọ́ kan náà, àti abala 7 lọ́jọ́ kejì nígbà tí wọ́n tún pàdé Amẹ́ríkà tí wọ́n sì gba wúrà. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 26 ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni, òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ gbà á. Ọmọ ọdún 13 kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa àgbà là ń gbà á fún un.

Apá kejì ìtàn náà ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn Beijing, wọ́n yọ softball kúrò nínú Òlíńpíìkì, ó di ìdíje Tokyo, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, kó tó padà. Ueno ti pé ẹni ọdún 39. Nínú àṣekágbá, wọ́n tún bá Amẹ́ríkà. Ní abala kẹfà, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Reika Utsugi, mú Ueno jáde, ó sì fi Miu Goto, ọmọ ogún ọdún, rọ́pò rẹ̀. Goto jáde nínú abala náà láìjẹ́ kí wọ́n gba àmì kankan. Òfin softball fàyè gba ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré kó jáde kó sì padà wọlé lẹ́ẹ̀kan, Ueno sì padà wá parí abala keje. Wọ́n fi àmì 2 sí òdo borí, wúrà tún di tiwọn. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí, Jàpáánì sì ti tọ́ ọwọ́ kejì kí ọjọ́ náà tó dé.

Bàbá náà bi mí ìdí tí a kò fi dá ọmọ tiwọn náà padà ní abala keje, níwọ̀n ìgbà tí òfin gbà á. Ìbéèrè tó dára ni. Mo ní kí wọ́n rántí ibi tó fọwọ́ kàn. Ó ti kọjá pé ó rẹ̀ ẹ́, ó ń dùn ún ni, ìsinmi abala kan kò sì lè wo ìyẹn.

## Orúkọ tó wà lára pápá ìṣeré

Ẹni tó bá ń gbé Adó mọ pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé. Ọmọ wa tí wọ́n fi sọrí náà gba fàdákà ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Barcelona lọ́dún 1992, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Eré tó fi gba fàdákà yẹn, ẹni mẹ́rin ló ń sá a, tí wọ́n ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, ọgọ́rùn-ún mítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 37.98 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi parí rẹ̀. Káyọ̀dé sá tirẹ̀, ó sì gbé ọ̀pá fún ẹni tó kàn. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí òbí kan ń sọ lábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé gbogbo eré fún ọmọ òun.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkìtì, ilé àgbẹ̀ la ti jáde. A mọ̀ pé ẹni tó bá fi gbogbo iṣu rẹ̀ gún iyán, tí kò yọ èbù sọ́tọ̀, ebi ló ń gbìn. Síbẹ̀, bí a bá dé orí pápá, a ó ní kí kóòṣì gún gbogbo rẹ̀ lónìí nítorí ife ẹ̀yẹ kan. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ife ẹ̀yẹ ṣeé gbé sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àlejò á wọlé, á rí i. Kò sí ibi tí a lè gbé èjìká tí kò bàjẹ́ sí kí àlejò rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ń to ọmọ tó ń sá fún bọ́ọ̀lù lọ́dún tó kọjá, tó wá ń nawọ́ béèrè rẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ kóòṣì rere pọ̀ jù lọ níbi tí kò sí ẹni tó ń wò.

## Ohun tí mo fẹ́ kí a máa béèrè

Mo ti ń bi àwọn òbí tó ní ọmọ nínú eré ìdárayá, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ eré sísá, láwọn ìbéèrè tó yàtọ̀ sí "Ẹ̀yin lẹ borí?" Ta ni ọmọ tó kù díẹ̀ káàtó jù lọ nínú ẹgbẹ́ náà, kí ni kóòṣì sì kọ́ ọ lóṣù yìí? Bí ọmọ rẹ bá ṣe àṣìṣe, ta ló kọ́kọ́ máa ń wò, kí ló sì ń rí lójú onítọ̀hún? Ǹjẹ́ ó lè sọ fún kóòṣì rẹ̀ pé ibì kan ń dun òun? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù. Ọmọ tó ń bẹ̀rù láti sọ ìrora apá, kò ní sọ ìrora mìíràn tó burú jù ú lọ.

Apá ọmọ náà ti ń yá. Dókítà ní kó sinmi, ó sì ń sinmi, àmọ́ ó máa ń wá sí ìdí ògiri wo ẹnìkejì rẹ̀, ó sì ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù tó lọ́ra tí kì í jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ gbá a mọ ìgbà tó yẹ kó na igi. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bínú díẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi, ọmọ wọn ni.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ wa ti súnmọ́, mo sì ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí a wá kóòṣì mìíràn. Mo máa mú ìwé àmì wa lọ síbẹ̀, mo máa ní kí wọ́n ka abala keje náà sókè. Mo máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ó kéré tán, kí wọ́n sì bá a ra akoto mẹ́rin tó ti ń tọrọ láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa.